Ta Ni Yóò Kọ́ Àwọn Òbí Titun?

Nínú ìwé Àwọn Onídájọ́, orí 13, a kà nípa Mánóà, ẹni tí ó gbọ́ pé aya òun tí ó yàgàn yóò bí ọmọkùnrin. Kò tọrọ ọrọ̀. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí a kọ́ àwọn méjèèjì bí wọn yóò ti ṣe sí ọmọ náà. Kí ẹ̀yin olùkà wa kíyèsí i pé bàbá ni ó bèèrè, àti pé ó bèèrè kí ọmọ tó dé.

Li àtijọ́, nínú agbo ilé li Ọ̀yọ́ àti li Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè yìí kì í pẹ́ rí ìdáhùn. Ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó wà nítòsí láti wẹ ọmọ, láti fi omi gbígbóná tọ́jú abiyamọ, àti láti kọ oríkì sí ọmọ létí bí ó bá ń sọkún. Ará ilé a gbà á gbé kí ìyá rẹ̀ lè sùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n nísisìyí, ọ̀pọ̀ tọkọtaya ni ó ń gbé nínú yàrá kan tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún onílé, iṣẹ́ sì ti mú wọn jìnnà sí ẹbí. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ṣòwò ní Gánà, kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì jáde li ọdún 1969, mọ ohun tí ó jẹ́ láti bímọ sí àárín àwọn tí kì í ṣe ẹbí.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Mary Sumner, aya àlùfáà ní ìlú Old Alresford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó bímọ li ọdún 1876, ó sì rántí bí ẹrù náà ti wúwo tó fún òun tìkára rẹ̀ nígbà àkọ́bí. Ó pe àwọn ìyá jọ, olówó àti tálákà. Li ọjọ́ kìn-ín-ní, àyà rẹ̀ já tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀; ó ní kí wọ́n padà wá li ọ̀sẹ̀ kejì. Láti inú ìpàdé náà ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ti jáde, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bí mílíọ̀nù 4 lónìí. Ó dùn wá pé nínú àwọn ìjọ kan, ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ ni a ń sọ ju ọ̀rọ̀ ọmọ lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ohun tí ìyá àgbà mọ̀ ni ó yẹ kí a tẹ̀lé. A kò lè ṣe aláìsọ ti rírọ ọmọ: a ó tẹ́ ọmọ sórí itan, a ó fi ọwọ́ dí i nímú, a ó sì da ẹ̀kọ tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ọmọ tí ń wá èémí lè fa oúnjẹ náà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè kú. Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá nímọ̀ràn pé ọmú nìkan tó fún ọmọ títí di oṣù 6, láìsí omi. Kí ìyàwó má ṣe bá ìyá ọkọ rẹ̀ jà lórí èyí. Ọkọ ni kí ó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí gbogbo wọn sì jọ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, yálà li Ọ̀yọ́ tàbí ní ilé ìwòsàn tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ li Ògbómọ̀ṣọ́ li ọdún 1907, tí í ṣe ti Yunifásítì Bowen lónìí.

Ní ti ìbáwí, òwe wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ènìyàn di ọwọ́ ọ̀tún mú, wọ́n gbàgbé òsì. Ọmọ ọdún 2 tí ó da omi sílẹ̀ kò ṣe orí kunkun. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gbó. Bí ó bá sì gbé àwo rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ pè é ní Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́, kí ẹ sì sọ ohun tí ó ṣe tí inú yín fi dùn. Oríkì kì í ṣe ti ọjọ́ ìkómọ nìkan.

Èyí tí ó wúwo jù li ọkàn wa ni ti abiyamọ tí ń sọkún ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tí kò lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ sùn, tí ọmọ náà kò sì wù ú láti gbé. Àwọn ènìyàn a máa wí pé aláìmoore ni, tàbí pé ayé ni ó ń ṣe é. Àìsàn ni, ó sì ní ìwòsàn. Bí ó bá wí pé òun fẹ́ kú, tàbí pé òun yóò pa ọmọ náà lára, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà li ọjọ́ náà gan-an.

Àbá wa ni pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yan tọkọtaya àgbà kan fún gbogbo ìdílé tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kí wọ́n lọ li ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí àwọn àlejò ìkómọ ti tú ká, àti li ọ̀sẹ̀ kẹfà, tí í ṣe ìgbà abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí ọkùnrin bá bàbá ọmọ sọ̀rọ̀. Kí obìnrin kọ́kọ́ pọn omi, kí ó fọ aṣọ ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí ìyá náà sùn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kankan.