Àbàwọ́n Ara Àpáta àti Ẹyin Inú Adágún

Ẹni tó bá dàgbà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn ti rí àbàwọ́n dúdú àti aláwọ̀ eérú tó lẹ̀ mọ́ àwọn òkè àpáta wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdọ̀tí ni. Ohun abẹ̀mí ni. Lichen ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹ̀yà rẹ̀ kan tó wọ́pọ̀ lórí àpáta Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Peltula.

Ní ọdún 1867 ni Simon Schwendener, ọmọ Switzerland, sọ pé méjì ló ń gbé pọ̀ nínú lichen: ọ̀kan jẹ́ ìbátan olú àti èéhù, èkejì jẹ́ ohun abẹ̀mí tíntín, irú èyí tí ń sọ omi adágún di àwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò gbà á gbọ́. Ìbátan olú ni onílé, òun ló ń pa omi mọ́, tó sì ń ṣíji bo àlejò rẹ̀. Àlejò náà ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fún àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn a gbẹ pátápátá láìkú. Bí òjò bá sì kàn wọ́n, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọn a tún jí.

Irú àjọgbé bẹ́ẹ̀ wà lára ẹranko kan tí kò sí ní ilẹ̀ wa rárá. Salamander olámì ìyeyè, ti ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, rí bí alángbá, ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, awọ rẹ̀ sì máa ń tutù. Inú adágún ló ń yé ẹyin sí, ẹyin náà a sì di aláwọ̀ ewé, nítorí ohun tíntín inú omi ti wọ̀ ọ́. Èyí ń fún ọmọ inú ẹyin ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, ó sì ń fi ẹ̀gbin ọmọ náà ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 2011, Ryan Kerney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó tilẹ̀ ń wọnú sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà, ohun tí a kò tíì rí rí lára ẹranko eléegun ẹ̀yìn.

Ìyàtọ̀ wọn pọ̀, síbẹ̀. Ti salamander, ọ̀rọ̀ ìgbà èwe ni. Ọmọ tí kò rí alábàágbé lè pa, bí kò tilẹ̀ lágbára tó. Ní ti lichen, bí wọ́n bá pínyà, kò sí lichen mọ́. Lójú tiwa, tilé yìí ló yani lẹ́nu jù.

Ọ̀pọ̀ lichen kì í gbòòrò ju mìlímítà díẹ̀ lọ lọ́dún. Orúkọ tí àlejò kan fi òkúta ha sára àpáta ní ọ̀sán kan lè pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún rẹ́. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ gun òkè Adó-Àwáyé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú awò amúǹkantóbi dání, kí ẹ da omi díẹ̀ sórí àbàwọ́n gbígbẹ kan, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wò bí yóò ti máa yí àwọ̀ padà.