Ìwé Ẹgbẹ́ Lórí Fóònù: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Ní Kọ́kọ́rọ́?



Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ ní oṣù yìí ni bí ẹni tí ó wà ní Ìdó, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Èkó ṣe lè rí àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ tí ó wà ní ọ́fíìsì wa ní Ìkọ̀lé, láì wọ mọ́tò, tí ojú ẹlòmíràn kò sì ní í dé ibẹ̀.

Àṣìṣe tí àwa ìgbìmọ̀ ṣe ni ó mú ẹ̀kọ́ yìí wá, a kò sì ní í fi pamọ́. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó lẹ́jà wa sínú Google Drive, a ṣí i sílẹ̀ fún "Anyone with the link", ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní àdírẹ́sì rẹ̀ lè wọlé. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni a fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí. Kò pẹ́ tí ó fi dé orí WhatsApp àwọn tí kì í ṣe ara wa. Ìyá kan nínú wa gbọ́ iye gbèsè tí ó jẹ ẹgbẹ́ lẹ́nu oníbàárà rẹ̀ ní ìdí igbá. Ojú tì í, ojú sì ti àwa náà. A ti tọrọ àforíjì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Àwa ni a la ògiri.

Ẹ wo alájọ. Káàdì olúkúlùkù ni ó máa ń fi han olúkúlùkù. Kì í tẹ́ gbogbo káàdì sílẹ̀ kí oníkálukú wá ṣa tirẹ̀. Ìlànà tí a ń tẹ̀ lé nísinsìnyí nìyí:

1. Lẹ́jà ńlá wà fún alága, akápò àti akọ̀wé nìkan. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kí a kàn fi apá kan lẹ́jà pamọ́ kò tó. Ẹni tí ó bá dà á kọ lè tú u.

2. Lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan, "Restricted" ni a yàn. Ímeèlì ẹni tí ó ni ín ni a kọ síbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ rí àdírẹ́sì gbà, ilẹ̀kùn kò ní í ṣí fún un.

3. "Viewer" ni ọmọ ẹgbẹ́: yóò wò ó, kò lè yí i padà. "Editor" ni akọ̀wé àti akápò. Ẹ̀rọ náà ń tọ́jú orúkọ ẹni tí ó ṣe àtúnṣe, ọjọ́ àti wákàtí tí ó ṣe é. Nítorí náà, kí ẹni méjì má ṣe lo àkáǹtì kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a kò ní í mọ ẹni tí a ó bi.

4. Ọ̀rọ̀ aṣínà yín, tí a ń pè ní páásíwọ́ọ̀dù, kí ó gùn, kí ó má jẹ́ ọjọ́ ìbí yín, kí ó má sì jẹ́ èyí tí ẹ fi ń wọ báǹkì. Ẹ tan "2-Step Verification", kí ẹ̀rọ máa béèrè ẹ̀rí kejì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé lórí fóònù tuntun. Bí nọ́ńbà ìwọlé bá dé, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, bí onítọ̀hún tilẹ̀ ní akọ̀wé ni òun. Àwa kò ní í béèrè rẹ̀ láé.

5. Google ń fúnni ní nọ́ńbà àpamọ́ mẹ́wàá. Ẹ tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé. Bí fóònù bá sọnù, òun ni ẹ ó fi wọlé, kí ẹ lé fóònù náà jáde ní "Your devices". Ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an, kí a yọ orúkọ yín kúrò lórí fáìlì fúngbà díẹ̀. Olóyè tí ó bá fi ipò sílẹ̀ náà, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́jọ́ yẹn.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú àánú nìkan. Òfin Nigeria Data Protection Act, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò ní fóònù ńlá, ẹ fọkàn balẹ̀. Lẹ́jà oníwèé ṣì wà nínú àpótí, páásìbúùkù yín ṣì wúlò. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní fóònù, ẹ máa fi páásìbúùkù wé ohun tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ lóṣooṣù. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ pariwo.

Ẹ mú fóònù yín wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, a ó tò ó fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ẹgbẹ́ kò ní í run, àṣírí wa kò sì ní í tú mọ́.