Owó Ìjọba fún Àwọn Ọmọ Kéékèèké: Ta Ni Yóò Béèrè Rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ ti oṣù tí ó kọjá dá lórí onídùúró àti ẹni tí ó ń dúró fún. Ti oṣù yìí kan àwọn ọmọ wa tí kò ì tíì wọ kíláàsì kìn-ín-ní, àti owó tí òfin yà sọ́tọ̀ nítorí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ó pe ọmọ rẹ̀ kó kà á fún un.

OHUN TÍ Ó FA Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Láìpẹ́ yìí, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń ta gàrí, wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó pàjáwìrì lọ́wọ́ mi. Mo bi wọ́n pé, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi owó ṣe?" Wọ́n ní, "Akọ̀wé, owó jẹ́lé-ó-sinmi ọmọ-ọmọ mi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé e wálé. Iṣẹ́ alábàárù ni ìyá rẹ̀ ń ṣe, kò rí i san." Mo ní, "Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lẹ́yìn ọjà ńkọ́?" Ìyá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé ìjọba máa ń gba ọmọ ọdún márùn-ún ni? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ fojú ara mi rí i. Lóòótọ́, kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké wà níbẹ̀. Tíṣà kan ṣoṣo ni ó ń mójú tó wọn. Orí sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n jókòó sí, kò sí ẹní, kò sí ohun ìṣeré kankan. Ṣáláńgá tí àwọn ọmọ ńláńlá ń lò náà ni tiwọn, ihò rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti dé ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò tó ogún. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo gba inú ọjà padà, àwọn ọmọ tí mo kà lábẹ́ àtẹ ju ogún lọ.

Ojú tì mí. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, mo ti kọ orúkọ irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ sínú ìwé lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì béèrè rí bóyá ìjọba ti ya owó sọ́tọ̀ fún ohun tí àwọn ènìyàn wa ń torí rẹ̀ jẹ gbèsè.

KÍ NI ÒFIN SỌ?

Ní ọdún 1955, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe Olórí Ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ti mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà. Ọmọ tí kò bá ì tíì tó o wọ̀, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló wà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè jáde ní 1977, ó mẹ́nu ba ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, àmọ́ àwọn aládàáni ni ó gbà níyànjú pé kí wọ́n dá a sílẹ̀. Bí jẹ́lé-ó-sinmi ṣe di ti olówó nìyẹn.

Òfin tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, èyí tí a mọ̀ sí UBE, tí wọ́n ṣe ní 2004. Òfin yìí ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ tún gbé ìlànà mìíràn jáde lórí wọn, èyí tí ó so oúnjẹ, ìlera, ààbò àti ẹ̀kọ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n sì tún ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ṣe ní 2013, wọ́n fi ọdún kan kún un ṣáájú kíláàsì kìn-ín-ní, fún ọmọ ọdún márùn-ún. Nítorí náà, ọmọ-ọmọ ìyá oní-gàrí ní àyè ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe é.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Òfin 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá 2 nínú 100 kúrò nínú àpò owó rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àjọ UBEC ní Àbújá ni ó ń pín owó náà. Àjọ SUBEB ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi í ṣiṣẹ́. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù. Ìpín àwọn ọmọ kéékèèké kéré, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

OWÓ YÌÍ JỌ Ẹ̀YÁWÓ WA

Bí owó bá wà, kí ló dé tí kò dé orí sìmẹ́ǹtì yẹn? Àwa ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jù. Nínú ẹgbẹ́ wa, ìlọ́po méjì ohun tí ènìyàn ní nílẹ̀ ni a ń yá a. Ẹni tí ó ti fi ₦50,000 pamọ́ lè gba ₦100,000. Ẹni tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀, bí ó wù kó sunkún tó, a kò ní fún un.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti UBEC. Apá tí ó tóbi jù nínú owó náà, ìpínlẹ̀ kò lè rí i gbà àfi bí ó bá kọ́kọ́ gbé iye kan náà kalẹ̀ láti inú àpò tirẹ̀. Náírà kan fún náírà kan. Èyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní kántápáátì fọ́ǹdì. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ tún mú ètò iṣẹ́ wá, kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ fi owó ṣe àti ibi tí ó fẹ́ ṣe é sí. Bí kò bá ṣe méjèèjì, owó rẹ̀ yóò jókòó sí Àbújá. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí UBEC fúnra rẹ̀ kéde pé ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù náírà ni àwọn ìpínlẹ̀ kò wá gbà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: owó ọmọ alábàárù wà nínú àpò, ìyá àgbà rẹ̀ sì ń wá onídùúró kiri.

ṢÉ A KÒ LÈ DÚRÓ DI KÍLÁÀSÌ KÌN-ÍN-NÍ?

Àwọn kan yóò ní, "Kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀? Ẹ jẹ́ kó ṣeré." Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ìlú Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ láti 1962, wọ́n kó ọmọ aláwọ̀ dúdú 123 jọ láti ilé àwọn aláìní. Wọ́n fi 58 sí ilé ẹ̀kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Òwúrọ̀ ni wọ́n ń lọ, tíṣà wọn a sì máa lọ bá ìyá wọn nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn 65 yòókù kò rí irú rẹ̀. Wọ́n wá ń tọpa gbogbo wọn títí wọ́n fi pé ẹni 40 ọdún.

Nínú 100 àwọn tí ó lọ, 77 ni ó parí ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Nínú 100 àwọn tí kò lọ, 60 ni. Àwọn tí owó ọdọọdún wọn ju 20,000 dọ́là lọ jẹ́ 60 nínú 100 ní apá kan, 40 ní apá kejì. Àwọn tí ọlọ́pàá ti mú ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 36 nínú 100 lára àwọn tí ó lọ, 55 lára àwọn tí kò lọ. Òótọ́ ni pé ọmọ 123 kò pọ̀, àwọn tíṣà wọn sì mọṣẹ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá tiwa mu: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Orúkọ jẹ́lé-ó-sinmi ló ń tàn wá, a rò pé kí ilé lè sinmi nìkan ni ọmọ ṣe ń lọ.

Ní 1965, nígbà ìjọba Ààrẹ Lyndon Johnson, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìní, orúkọ rẹ̀ ni Head Start. Nínú ètò yìí, ìjọba àpapọ̀ a máa san ìdá 80 nínú 100, àwọn ará àdúgbò a sì wá ìdá 20 tó kù. Ṣùgbọ́n kò di dandan kí 20 yìí jẹ́ owó. Wákàtí tí òbí fi ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú kíláàsì, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lówó. Yàrá tí ẹnìkan yọ̀ǹda, wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Báyìí ni ẹni tí kò lówó ṣe rí nǹkan gbé kalẹ̀. Òfin tiwa kò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìpínlẹ̀, síbẹ̀ a lè kọ́gbọ́n níbẹ̀.

OHUN TÍ Ó WÀ LỌ́WỌ́ WA

Èkínní, ẹ mú ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀. Kíláàsì tí ọmọ kò pọ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ránti rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ ètò iṣẹ́. Ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì àjẹsára dání.

Èkejì, ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ alábòójútó, tí wọ́n ń pè ní SBMC. Òbí àti ará àdúgbò wà nínú rẹ̀, kì í ṣe tíṣà nìkan. Ẹgbẹ́ wa kò ní ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yan ẹni méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin ọlọ́jà.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí a kọ lẹ́tà sí SUBEB, kí a béèrè ohun mẹ́ta: èló ni ìpínlẹ̀ wa gbé kalẹ̀ lọ́dún yìí? Èló ni ó rí gbà? Èló nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ti àwọn ọmọ kéékèèké ní ìjọba ìbílẹ̀ wa? Kì í ṣe àfojúdi. Òfin 2011 fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, ó sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti dáhùn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí a gbé tiwa kalẹ̀. Ìlànà keje tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé fọwọ́ sí ní 1995 ni pé kí a máa ro ti àdúgbò wa mọ́ tiwa. Owó ẹ̀kọ́ tí a ń yọ lára èrè lọ́dọọdún lè ra ẹní. Àwọn káfíńtà wa lè kan ìjókòó kúkúrú. Mi ò sọ pé kí a gba iṣẹ́ ìjọba ṣe o. Ohunkóhun tí a bá ṣe, kí a kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí a fi mọ́ lẹ́tà wa, kí wọ́n lè rí i pé àwa ti gbé tiwa kalẹ̀, tiwọn ló kù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Ọmọ mélòó tí kò ì tíì pé ọdún mẹ́fà ni ó wà nílé yín tàbí lábẹ́ àtẹ yín?
2. Èló ni ẹ san fún jẹ́lé-ó-sinmi lọ́dún tó kọjá, èló nínú rẹ̀ sì ni ẹ̀yáwó?
3. Ṣé kí a yọ owó ẹní àti ìjókòó láti inú owó ẹ̀kọ́ wa tàbí kí a má yọ ọ́? Ọ̀rọ̀ yìí yóò wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò, a ó sì dìbò lé e lórí.

Mo ti ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá wa oní-gàrí. Wọ́n gbọ́, wọ́n sì ká fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó náà, wọ́n fi í sí ìdí ìró. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yín dára. Lọ́jọ́ tí mo bá rí ẹní nílẹ̀ kíláàsì yẹn, n óo mú ọmọ mi wá. Títí di ọjọ́ náà, fọ́ọ̀mù mi ṣì wà lọ́wọ́ mi o." N kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ jẹ́ kí a pé sí ìpàdé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́