Lẹ́yìn Ìjàǹbá Ọkọ̀, Kí Mùsùlùmí Má Sá

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, àwa ará Sábó mọ ohun tí ojú ń rí lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Bí ọkọ̀ wa bá gbá ènìyàn, kí a dúró, kí a pe Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lórí 122, kí a wá ìtọ́jú fún ẹni tó farapa kí a tó jiyàn ẹni tó jẹ̀bi.

A kì í fi kádàrá san gbèsè. Súrátun-Nisáì, áyà 92, kọ́ wa pé owó ẹ̀mí tọ́ sí ẹbí onígbàgbọ́ tí a bá ṣèèṣì pa, àyàfi bí wọ́n bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹrú tú sílẹ̀ yóò sì gba ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. Ẹni tó sá, ọwọ́ ta ni yóò ti tọrọ àforíjì?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ìrìnàjò wa. Àmín.