Bí A Bá Yọ Ẹran Kúrò Nínú Ìkòkò, Kí Ni Yóò Dípò Rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ fún ìjíròrò nínú ìdílé. Kí ẹnì kan ka ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, kí a sì dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí.

1. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń ṣe àtìpó ní Àbújá ni òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò. Láti ìgbà tí a ti gbé olú-ìlú kúrò ní Èkó wá sí ìhín ní ọjọ́ 12 oṣù December, ọdún 1991, irú ìgbésí ayé kan ti mọ́ wa lára. A ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Kúbwà, ní Káàrù tàbí ní Ńyáǹyà. A ó wọ ọkọ̀. A ó sì jókòó ti tábìlì títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn tí ń tajà ní Wúsè àti ní Gàrkí pẹ̀lú a máa jókòó ti ọjà wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó ń rẹ̀ wá, síbẹ̀ ara wa kò ṣe iṣẹ́ tí ń mú ara le. Nígbà tí ó bá sì di Sátidé, òde ń bẹ láti lọ, ẹran sì pọ̀ lórí àwo. Nítorí náà, kò yà wá lẹ́nu pé nígbà tí dókítà bá sọ fún arákùnrin kan pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí fún arábìnrin kan pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni pé: "Ǹjẹ́ kí a fi ẹran sílẹ̀ pátápátá?" Ìbéèrè rere ni. Ó yẹ kí a wò ó dáadáa, nítorí ẹnì kan lè béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni yóò jẹ ìdáhùn rẹ̀.

2. Àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ ẹran àti ẹja, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń jẹ ẹyin, tí wọ́n sì ń mu wàrà. Àwọn mìíràn lọ jìnnà ju èyí lọ: wọn kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹranko wá, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe wàrà, kì í tilẹ̀ ṣe oyin. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní vegan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1944, ni Donald Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá orúkọ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ tọ ọ̀nà yìí ní láti mọ̀ pé edé, pánla àti pọ̀nmọ́ kò sí nínú ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́, àti pé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ti di èèwọ̀ fún un.

3. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kì í ṣe àjèjì sí wa. A rí i nínú ìwé Dáníẹ́lì, orí kìíní, pé Dáníẹ́lì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ ẹni tí ń ṣe ìtọ́jú wọn pé kí ó fi oúnjẹ ilẹ̀ àti omi dán wọn wò fún ọjọ́ 10. Ní orí kẹwàá ìwé kan náà, ó fi ẹran àti wáìnì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń gbà ní oṣù January ti wá. Àwọn Adventist, tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ní Èrúnmu nítòsí Ìbàdàn ní ọdún 1914, ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ pé ó dára láti jìnnà sí ẹran. Títí di òní, a mọ Yunifásítì Babcock wọn ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ sí ibi tí a ti ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láìsí ẹran. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oúnjẹ ilé wa. Àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú onírú, èkuru, àkàrà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a fi ẹ̀gúsí rò: bí a kò bá da omi ẹran tàbí edé sí i, oúnjẹ tí kò ní ohun ẹlẹ́mìí kankan nínú ni.

4. Kí ni àwọn olùwádìí rí? Ní ọdún 2002, a bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan láàárín nǹkan bí 96,000 ọmọ ìjọ Adventist ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Láàárín wọn, ara àwọn tí kì í jẹ ohun ẹranko rárá fúyẹ́ ju ti àwọn tí ń jẹ ẹran lọ, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Èyí jẹ́ ohun ìṣírí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ apá kejì pẹ̀lú. Ìwádìí mìíràn, tí a ṣe láàárín nǹkan bí 55,000 ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2020, fi hàn pé eegun àwọn vegan a máa ṣẹ́ ju ti àwọn tí ń jẹ ẹran lọ, pàápàá jù lọ eegun ìbàdí. Nítorí náà, ọ̀nà yìí ní èrè, ó sì ní ewu. Ohun tí ó ya èrè kúrò lára ewu, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ni ohun tí a fi dí àyè ẹran.

5. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan tí ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa rí. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí a bá ń fún ọmọdé ní ẹyin àti ẹran, yóò di olè. Nítorí èyí, bàbá a jẹ ẹran, ọmọ a lá ọbẹ̀. Lọ́nà kan, ọmọ wọ̀nyí ti ń jẹ oúnjẹ aláìlẹ́ran láti kékeré, ṣùgbọ́n ta ni ó fi nǹkan mìíràn dípò ẹran fún wọn? Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú a máa mu ògì ṣáá, kò sì sí ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà nínú rẹ̀. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí, kọ̀wé ní ọdún 1933 nípa àrùn tí ń mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ rẹ̀ a wú, irun rẹ̀ a pọ́n, ara rẹ̀ a máa bó. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gà ń pè é kọ ọ́, kwashiorkor, èyí tí í ṣe àrùn ọmọ tí a gba ipò rẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún wa. Yíyọ ẹran kò ṣòro. Rírí ohun tí yóò dípò rẹ̀ ni iṣẹ́.

6. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èròjà tí ń mú ara dàgbà, tí a ń pè ní púrótéènì. Àgbàlagbà tí ó wọn kílò 70 nílò nǹkan bí gíráàmù 56 ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ń ṣe eré ìdárayá kíkan nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù 6. Gíráàmù 100 ẹ̀wà, kí a tó sè é, ní nǹkan bí 23; iye kan náà ẹ̀pà ní nǹkan bí 25; ẹ̀wà sóyà ní nǹkan bí 36. Bí arákùnrin wa bá jẹ gíráàmù 200 ẹ̀wà àti gíráàmù 50 ẹ̀pà láàárọ̀ títí di alẹ́, tí ó sì jẹ ìrẹsì tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú rẹ̀, ó ti rí iye tí ó tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ata nìkan ni ó kù lẹ́yìn tí ó yọ ẹran, ebi yóò máa pa iṣan ara rẹ̀ bí ikùn rẹ̀ tilẹ̀ kún. Ní ìgboro Àbújá, àwàrà tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe kò wọ́n ní rírí, ẹnì kan sì lè fi dípò ẹran nínú ọbẹ̀. A mọ̀ pé owó ẹ̀wà gòkè gidigidi ní ọdún 2024; nítorí náà, kí ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin dáwó jọ ra àpò kan, kí wọ́n sì pín in.

7. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ àti eegun. Irin tí ń bẹ nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ kì í tètè wọ inú ara bí èyí tí ń bẹ nínú ẹran. Ọsàn tàbí ata tútù tí a bá jẹ mọ́ ọn a máa ràn án lọ́wọ́. Tíì tí a bá mu mọ́ oúnjẹ a máa dí i lọ́wọ́. Kí àwọn obìnrin tí ń ṣe nǹkan oṣù kíyè sí èyí, nítorí wọ́n nílò irin ju ọkùnrin lọ ní ìlọ́po méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rírẹ ẹ̀wà sínú omi kí a tó sè é pẹ̀lú ń ràn wá lọ́wọ́. Ní ti eegun, kí a má ṣe gbàgbé ewé mọ̀ríńgà tí àwọn Haúsá ń pè ní zogale, ewédú, yànmọtí àti àwàrà.

8. Ó ku ohun kan tí kò sí ewéko tí ó lè fún wa ní ìwọ̀n tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Òun ni fítámì B12. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń ṣe é, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni a sì ti ń rí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ pé írú tàbí ẹ̀fọ́ yóò fún òun. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà nílò kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ìmọ̀lára jẹ́: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ a máa kú tipiri, ara a máa rẹni, ọkàn a sì máa gbàgbé nǹkan. Ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún díẹ̀. Nítorí èyí ni ẹnì kan fi lè jẹ ewéko nìkan fún ọdún kan tàbí méjì kí ó sì rò pé ohun gbogbo dára, nígbà tí àpótí ìṣúra ń gbẹ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró lójú ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ máa lo oògùn B12 tí a ń tà nílé oògùn. Kò sí àwáwí lórí èyí.

9. Ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn ọmọ àti aboyún bá olórí ilé tọ ọ̀nà náà? Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa oúnjẹ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní ọdún 2016 pé oúnjẹ vegan tí a bá fètò sí dáadáa lè tó ènìyàn ní gbogbo ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2025 sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà nìkan, láìka aboyún àti ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú mọ́ wọn. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí àgbàlagbà dán ara rẹ̀ wò, kí ó má ṣe fi ọmọ dánrawò. Ọmọ kékeré kò lè jẹ ẹ̀wà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ikùn rẹ̀ kéré. Ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ kò ní B12 sì lè jìyà láìmọ ohun tí ó ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa jẹ ẹyin rẹ̀ àti ẹja rẹ̀. Bí agbára kò bá ká a lójoojúmọ́, kí a po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ìjọba ní Òṣòdì, ní Èkó, ti kọ́ wa nípa ògì oníṣóyà.

10. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa àlàáfíà ilé. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ kan ti ibi iṣẹ́ dé kí ó sì kéde pé, "Láti òní lọ, a kò jẹ ẹran mọ́ nínú ilé yìí." Ta ni yóò rẹ ẹ̀wà? Ta ni yóò bó o, tí yóò gbé e lọ sí ẹ̀rọ, tí yóò dì í sínú ewé? Ìyàwó rẹ̀, tí òun pẹ̀lú ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sẹkitéríàtì dé. Ìkòkò méjì lórí iná lálaalẹ́ lè di ìjà. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni pé kí a se ọbẹ̀ kan láìfi ẹran sí i. Kí a se ẹran tàbí ẹja lọ́tọ̀, kí ẹni tí ń jẹ ẹ́ bù ú sórí tirẹ̀. Kí ẹni tí ó yan oúnjẹ tuntun náà sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó ẹ̀wà ní ọjọ́ Sátidé. Bí ìyá bá ti ilé wá bẹ̀ wá wò, kí a má ṣe gbé ọbẹ̀ òfìfo ka iwájú rẹ̀, kí ó má baà rò pé ìyà ni ń jẹ ọmọ òun ní Àbújá.

11. Oúnjẹ nìkan kò sì tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí ó sì fún iṣan ara ní iṣẹ́ agbára ní ọjọ́ méjì. Kí ọmọ tí ó ti ń lọ sí ilé-ìwé sì máa ṣe ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìṣẹ́jú 150 kò ju ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ márùn-ún lọ. Kí a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí a tó dé ibi iṣẹ́. Kí a fi àtẹ̀gùn gòkè. Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí gbogbo ìdílé rìn lẹ́bàá adágún Jábì tàbí nínú Páàkì Millennium ní Màìtámà. Nípa bẹ́ẹ̀, àkókò eré ìdárayá kò ní gba bàbá lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí pé wọ́n jọ ń ṣe é ni.

12. Nígbà náà, báwo ni a ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Díẹ̀díẹ̀. Kí a kọ́kọ́ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀; lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ti Dáníẹ́lì. Ẹni tí ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ rí dókítà ṣáájú, nítorí pé bí oúnjẹ bá yí padà, oògùn àná lè pọ̀ jù fún ara òní. Kí a wọn ara wa, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kí a sì bi ara wa bóyá ara le sí i ní tòótọ́. Bí ó bá dára, kí a máa bá a lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú nínú kí a padà sí ẹja díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ púpọ̀. Èrè ń bẹ nínú ìyẹn pẹ̀lú.

13. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, ní orí kẹrìnlá, nípa ẹni tí ń jẹ ohun gbogbo àti ẹni tí ń jẹ ewébẹ̀, pé kí èkíní má ṣe gan èkejì, kí èkejì má sì ṣe dá èkíní lẹ́jọ́. Ní tábìlì kan náà ni kí àwọn méjèèjì ti jẹun. Oúnjẹ, ọ̀rẹ́ àwọ̀. Kí ó má ṣe di ọ̀tá ilé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(1) Kí ni ó fa kwashiorkor láàárín àwọn ọmọ tí a kò fún ní ẹran, kí sì ni ì bá ti dènà rẹ̀?
(2) Ka oúnjẹ tí ìdílé rẹ jẹ lánàá. Bí a bá yọ ẹran kúrò nínú rẹ̀, kí ni ó kù tí ń mú ara dàgbà?
(3) Èéṣe tí a kò fi lè gbẹ́kẹ̀ lé ewéko fún fítámì B12?
(4) Nínú ilé rẹ, ta ni iṣẹ́ oúnjẹ tuntun yóò bọ́ sí lọ́rùn, báwo ni ẹ ó sì ṣe pín in?
(5) Ọjọ́ wo àti wákàtí wo ni gbogbo ìdílé rẹ lè jọ máa rìn?