Ẹ̀kọ́ Lára Èèpo Igi

Bí a bá dárúkọ Sólómọ́nì, ìdájọ́ rẹ̀ lórí ọmọ jòjòló ni a máa ń rántí. Ṣùgbọ́n ó kọ́ni nípa igi pẹ̀lú, kò sì fojú fo ewéko kékeré ara ògiri. Irú ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ wo ara igi àgbọn dáadáa, ẹ ó rí àbàwọ́n funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹfun. Àwọn kan rò pé àrùn ni. Láíkìn ni. Ẹ̀dá méjì ni ó para pọ̀ di ọ̀kan: ìbátan olú ni èkíní, òun ni ó kọ́lé tí ó sì ń pa omi mọ́, èkejì jẹ́ ẹ̀dá aláwọ̀ ewé tín-ín-tín tí ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ. Simon Schwendener ni ó kéde èyí ní 1867. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kò gbà á gbọ́.

Èyí tí ó fẹ̀ bí ewé, Lobaria pulmonaria, ń gbé inú igbó àtijọ́ olótùútù ní Yúróòpù. Nítorí pé ó jọ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn ará ibẹ̀ a máa fi í wo ikọ́ láyé àtijọ́. Láíkìn kò ní gbòǹgbò. Inú òjò àti afẹ́fẹ́ ni ó ti ń jẹun, kò sì ní awọ tí ó lè dènà èéfín. Ní 1866, William Nylander ṣàkíyèsí pé láíkìn ti ń parẹ́ nínú ìlú Párísì, bí ó tilẹ̀ ṣì pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg. Lobaria sì wà lára àwọn tí èéfín tètè ń pa.

A kò retí Lobaria ní Àpápá. Ṣùgbọ́n èbúté ti wà níbí láti 1926, ti Tin Can Island láti 1977, àwọn tírélà àti táńkà tí ń lọ síbẹ̀ sì ń tú èéfín lé igi àti ọmọ lórí. Àwa kò bú èbúté. Owó rẹ̀ ni ó rán ọ̀pọ̀ nínú wa ní ilé ẹ̀kọ́. A kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ sáré dá tírélà lẹ́bi bí wọ́n bá rí igi tí kò ní láíkìn, nítorí oòrùn líle àti irú èèpo igi náà lè fà á. Ìdí nìyí tí a fi ní kí wọ́n fi igi kan náà wé ara wọn, ọ̀kan létí títì, ọ̀kan nínú àdúgbò tó dákẹ́ ní Ajégúnlẹ̀.

Ohun kan ni a kò lè fi awò wá rí: bí àwọn igi wọ̀nyí ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lábẹ́ igi ọgbà wa láyé ọjọ́un, bí ẹ bá ní fọ́tò àtijọ́ tí ara igi hàn nínú rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá.