Kọ̀ǹpútà Ilé: Ọjọ́ Mélòó Ni Ó Lè Fi Ṣiṣẹ́ Kí A Tó Tún Un Tàn?

Ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè ni a fẹ́ yẹ̀ wò: bí a bá tan kọ̀ǹpútà ilé, ọjọ́ mélòó ni ó lè fi ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé a tún un tàn? Àwọn kan ń pa tiwọn lálaalẹ́. Àwọn mìíràn kàn ń dé ìdérí rẹ̀ ni, wọ́n á ní, "Ó ṣáà ń ṣiṣẹ́, kí ni mo fẹ́ pa á fún?"

Ìdáhùn ṣókí ni pé kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ le lè wà ní títàn fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ wà ní títàn yàtọ̀ sí kí ó máa ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Nǹkan mẹ́ta ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Èkíní ni mẹ́mórì. Gbogbo ètò tí a bá ṣí ni ó ń yá àyè nínú mẹ́mórì. Bí a bá ti ètò náà, ó yẹ kí ó dá àyè náà padà, ṣùgbọ́n àwọn kan kì í dá gbogbo rẹ̀ padà. Díẹ̀díẹ̀ ni àyè á máa fún, tí ẹ̀rọ á sì máa wọ́ bí ìgbín. Bí a bá tún un tàn, gbogbo gbèsè yẹn á parẹ́.

Èkejì ni aago. Òǹkà kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń ka àkókò láti ìgbà tí a ti tàn án. Nínú Windows 95 àti Windows 98, òǹkà yìí pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà 1,000, kò sì lè kà kọjá 4,294,967,295. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 86,400. Lórí òǹkà yìí, ó jẹ́ 86,400,000. Bí a bá fi èyí pín nọ́ńbà ńlá yẹn, a óò rí ọjọ́ 49 àti wákàtí 17. Bí ó bá ti pé bẹ́ẹ̀, òǹkà á padà sí òdo, kọ̀ǹpútà sì lè dákú. Ọdún 1995 ni Windows 95 jáde, ṣùgbọ́n ó di 1999 kí Microsoft tó kéde àléébù yìí. Windows òde òní kì í dákú ní ọjọ́ 49 mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni aago tó yẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1991, nígbà ogun tí wọ́n fi lé Ìráàkì kúrò ní Kuwait, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ Patriot ṣọ́ ìlú Dhahran ní Saudi Arabia, kí ó lè máa já mísáìlì lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 100 lọ láìtún un tàn, bí ó sì ti ń pẹ́ ni ìṣirò aago rẹ̀ ń yẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ó ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá yẹ̀. Láàárín àkókò kékeré yẹn, mísáìlì Scud á ti sáré ju ìdajì kìlómítà lọ. Ibi tí mísáìlì náà kò sí ni ẹ̀rọ ń wò, nítorí náà kò yìnbọn. Ọmọ ogun 28 ni ó kú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn tí ń lò ó tẹ́lẹ̀ pé kí ó má ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, ṣùgbọ́n wọn kò sọ iye wákàtí tó jẹ́ "pẹ́ jù". Àtúnṣe ètò náà dé Dhahran ní ọjọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ ni títún un tàn kò gbà ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ.

Ẹ̀kẹta ni àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ àtúnṣe tí ń dí ihò mọ́ àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣiṣẹ́ títí a ó fi tún ẹ̀rọ tàn. Ẹni tí ó gba àtúnṣe tí kò tún ẹ̀rọ rẹ̀ tàn dà bí ẹni tí ó ra àgádágodo tí kò fi ti ilẹ̀kùn.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: láti ìgbà Windows 8 ní ọdún 2012, bí a bá tẹ Shut down, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi apá kan iṣẹ́ inú rẹ̀ pamọ́, tí á sì tún gbé e jáde bí a bá tàn án padà. Nítorí náà, ẹni tí ń pa á lálaalẹ́ lè má tíì tún un tàn láti oṣù kan. Restart ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó ti lò, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, lẹ́yìn náà CPU, kí ẹ wo Up time.

Bí iná NEPA bá lọ lójijì tí kọ̀ǹpútà sì kú, ìyẹn kò rọ́pò Restart, nítorí iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ á sọnù, fáìlì sì lè bàjẹ́. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti nígbàkúùgbà tí àtúnṣe bá béèrè fún un, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi iṣẹ́ yín pamọ́. Ẹ má dúró dìgbà tí ó bá dákú.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín Shut down àti Restart?
2. Báwo ni a ṣe rí ọjọ́ 49 àti wákàtí 17?
3. Kí ni ó kù díẹ̀ káàtó nínú ìkìlọ̀ tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun Dhahran?